Nítorí Góńgó Imú Màmá

Manchester,
Alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Bọ̀dá Délé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi kí Àǹtí Ṣadé, ẹ sì kí Tóyìn kú ewu ọmọ.

Mo ti wo fọ́tò Màmá tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ parí lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìbéèrè yín. Ẹ ní kí ló kan imú kan ojú, tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ gbé Màmá láti Ìwó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìbàdàn nítorí ìléròrò mẹ́ta péré tó sú sí wọn ní góńgó imú? Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á sétí àwọn àgbà. Mo ti kọ ọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí kíkà rẹ̀ pẹ́ nílé. Ẹ gbéra ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ máa kà á nínú mọ́tò.

Ohun tó ń ṣe Màmá, ṣíńgùsì là ń pè é níbí. Ẹni tó bá ti ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì rí ló ń ṣe é. Bí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá san tán, tí èépá bọ́, kòkòrò rẹ̀ kì í kúrò lára. Ó máa ń sá pamọ́ sí ìdí àwọn iṣan ìmọ̀lára, ó lè wà níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ọjọ́ orí bá wá gòkè, tí agbára ara dínkù, ó lè jí. Bó bá sì jí, iṣan kan ṣoṣo tó sá pamọ́ sí ni yóò tọ̀ jáde sí awọ ara. Ìdí nìyẹn tí agbárí fi kọ́kọ́ ń jó Màmá lápá òsì ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi kóòmù kàn án, kó tó di pé ìléròrò yọ ní ọjọ́ Sátidé.

Mo gbọ́ pé Àǹtí Àgbà ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ní àìsàn wo ló ń falà sáàárín iwájú orí, tó bo òsì tí kò kan ọ̀tún? Ẹ bá mi sọ fún wọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ayé, ayé wà. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn gan-an la fi ń mọ ṣíńgùsì. Iṣan apá òsì kì í kọjá sí ọ̀tún. Òsì ní tirẹ̀, ọ̀tún ní tirẹ̀, àárín iwájú orí sì ni ààlà wọn. Ká ní ó bo ọ̀tún àti òsì pọ̀ ni, ǹ bá máa wá orúkọ mìíràn fún un. Nítorí náà kí wọ́n má pe orúkọ aládùúgbò kankan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè yín. Iṣan méjìlá ló ń ti ọpọlọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan orí. Ìkarùn-ún nínú wọn ló ń gbọ́ bí nǹkan bá kàn wá níwájú orí títí dé àgbọ̀n: ìrora, ooru, òtútù, bí eṣinṣin bá bà. Ẹ̀ka mẹ́ta ló pín sí. Ti ìsàlẹ̀ ló ni àgbọ̀n. Ti àárín ló ni ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ìyẹ́ imú àti ètè òkè. Ti òkè ni ọ̀rọ̀ wa kàn, inú kòtò ojú ló sì ń gbà kọjá.

Egungun méje ló parapọ̀ di kòtò ojú yẹn. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹyinjú ò jẹ́ ká rí, àlàfo tóóró kan wà láàárín egungun, ibẹ̀ ni ẹ̀ka òkè ń gbà wọlé, ó sì ti pín sí mẹ́ta. Ọ̀kan tọ abẹ́ àjà kòtò náà, ó yọ lábẹ́ irun òkè ojú, ó gun iwájú orí lọ sí àárín orí. Òun ló ń jó Màmá láti ọjọ́ Ẹtì. Èkejì lọ sí apá ìta, níbi tí omijé ti ń wá.

Ẹ̀kẹta ló ń dẹ́rù bà mí. Ó gba orí iṣan tí a fi ń ríran kọjá, ó sì yà sí apá ibi tí imú wà. Bó ṣe ń lọ, ó ń fi àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sínú ẹyinjú, títí dé awọ dídán tó wà níwájú ojú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí ló gba ihò kékeré kan nínú ògiri kòtò náà, ògiri tó fẹ́lẹ́ débi pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ fi bébà pè é. Ó bọ́ sínú agbárí, ó sinmi díẹ̀ lórí àjà imú lábẹ́ ọpọlọ, ó tún gba ojú ihò mìíràn já wá sínú imú, ó ń rìn lẹ́yìn egungun imú bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi ìka kan imú yín: ibi tí egungun líle ti tán, tí ibi rírọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti yọ sábẹ́ awọ. Góńgó imú ló parí sí. Nígbà tí olùkọ́ wa yà á sí ojú pátákó fún wa, mo rò pé ó ń fi wá ṣeré ni. Ta ló fẹ́ gbà pé iṣan tó ń lọ sí góńgó imú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ojú kí, kó wọ agbárí, kó tún jáde?

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ṣá o. Bí ẹ bá fa irun imú tu, ṣé omi kì í lé ròrò lójú yín?

Nítorí náà, ìléròrò tó wà ní góńgó imú Màmá ń sọ fún wa pé kòkòrò náà ti wọ ẹ̀ka tó ń bọ́ ẹyinjú. Bí òpó iná kan bá ń fún ilé méjì ní iná, tí wáyà ń ta pàràpàrà nílé kan, kò sẹ́ni tó máa ní òun ń dúró dìgbà tí ilé kejì bá gbiná kí òun tó pe oníná. Ọ̀gbẹ́ni Jonathan Hutchinson, dókítà kan ní London tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ojú Moorfields, ló kíyè sí èyí láàárín ọdún 1860 sí 1870. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ la fi ń pe àmì orí imú náà. (Bàbá yìí kan náà ló ń jiyàn pé ẹja tí wọn ò tọ́jú dáadáa ló ń fa ẹ̀tẹ̀, kódà lẹ́yìn tí Hansen ará Norway ti rí kòkòrò tó ń fà á ní 1873. Ká gba ti imú lọ́wọ́ rẹ̀, ká fi ti ẹja sílẹ̀ fún un.) Ẹ má sì rò pé ẹni tí góńgó imú rẹ̀ mọ́ ti bọ́, ojú tirẹ̀ náà lè kó o. Ẹni tó bá yọ sí nímú ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ ní ojú Màmá funfun, wọ́n sì ń ríran. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ara ti yọ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí inú rẹ̀ wú, kí ìfúnpá rẹ̀ lọ sókè. Nítorí náà bí dókítà bá ní kí wọ́n padà wá, kí wọ́n padà lọ, ìbáà jẹ́ pé èépá ti gbẹ. Mo mọ Màmá. Wọ́n á ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nìyí. Bí Màmá bá sọ lọ́jọ́ kan pé ojú ò dun àwọn mọ́, pé àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ má yọ̀. Iṣan tó ń jẹ́ kí ojú dun èèyàn náà ló ń jẹ́ kó ṣẹ́jú, kó sunkún, kí awọ iwájú rẹ̀ sì máa tún ara rẹ̀ ṣe. Bí àìsàn bá pa á, eruku lè wọlé kó há síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ojú á gbẹ, á dégbò, egbò náà ò ní dùn wọ́n. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn tí ojú ń dùn máa ń tètè wá. Àwọn tí kò dùn ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá, àwọn náà ló sì máa ń ṣòro wò. Ìdí nìyẹn tí dókítà á fi lọ́ òwú tín-ínrín, á fi kan ojú Màmá wẹ́rẹ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n á ṣẹ́jú. Á tún kán aró kan sí i, á tan iná búlúù sí i, kó lè rí ibi tó bá bó. Kò ní dùn wọ́n rárá.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ẹ má kàn sọ pé ara yọ ìyá yín. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ṣíńgùsì ló yọ sí wọn níwájú orí láti ọjọ́ Sátidé, ó sì ti dé góńgó imú." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ojú ò ní ní kí ẹ lọ jókòó. Aciclovir ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ: 800 mg, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Láàárín wákàtí 72 tí ara bá ti yọ ló dára jù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ sì kà á láti ọjọ́ Sátidé kí ẹ wo iye tó kù. Bó bá tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, torí kíndìnrín ló ń gbé oògùn yìí jáde, omi sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún wọn láti máa mu. Wọ́n lè ní kí àwọn yẹ ìwọ̀n ṣúgà wò, kí àwọn sì ṣe àyẹ̀wò HIV. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wọn. Ohun tó bá ń dín agbára ara kù ni wọ́n ń wá.

Oògùn tí ọmọ kẹ́mísì tà fún yín, tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má kán an sí Màmá lójú mọ́. Sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí kò ní irinṣẹ́ láti wo inú ojú, ó lè jẹ́ kí àrùn inú ojú burú sí i, ó sì lè gbé ìfúnpá ojú sókè débi tí ojú á fọ́. Bí dókítà ojú fúnra rẹ̀ bá wá kọ irú rẹ̀ tó bá yá, ìyẹn yàtọ̀, torí òun á máa wò ó. Àgbo, adí, omi ọmú, ìtọ̀, kò gbọdọ̀ sí ìkankan tó kan ojú tàbí orí imú yẹn. Omi tó mọ́ àti aṣọ tó mọ́ ti tó.

Ti ọmọ Tóyìn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò lè kó ṣíńgùsì lára Màmá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì lè kó ìyẹn láti ara omi inú ìléròrò, ó sì léwu fún ìkókó àti aláboyún. Kí Àǹtí Ṣadé máa wẹ ọmọ náà títí gbogbo ojú ìléròrò á fi gbẹ. Mo mọ̀ pé á dun Màmá, torí wọn ò gbà kí ẹlòmíì wẹ ọmọ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá mi jà.

Iwájú orí lè máa ta wọ́n fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí èépá bá ti bọ́. Panadol lásán lè má ràn án. Oògùn tó wà fún ìrora iṣan wà, kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ má sì rà á fúnra yín, torí ó máa ń kun àgbàlagbà lóorun, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n ṣubú.

Mo ti fi owó sí àkáǹtì Àǹtí Ṣadé fún ọkọ̀ àti oògùn. Bí ẹ bá ti rí dókítà, ẹ ya fọ́tò ìwé tó kọ, kó hàn ketekete, kí ẹ fi ránṣẹ́. Mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé màá gbé fóònù bí ó bá dún.

Àbúrò yín,
Kẹ́mi.