Báìtì 512 Péré

Ọ̀tọ̀, Èbúté-Mẹ́ta,
Èkó.

Àkànní mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé olùkọ́ rẹ yá ọ ní bọ́ọ̀dù KIM-1. Rọra máa gbé e o, ó dàgbà jù mí lọ. Ọdún 1976 ni MOS Technology gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Prósẹ́sọ̀ 6502 tó wà nínú rẹ̀ náà ni Wozniak fi ṣe kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn.

O ní ètò C rẹ kò wọlé. Báwo ni yóò ṣe wọlé? Printf lo fi bẹ̀rẹ̀! Báìtì 1,024 ni olórí RAM tó wà níbẹ̀, láti 0000 dé 03FF. Nínú 256 àkọ́kọ́, ètò inú ROM ti gba ìparí rẹ̀, cc65, kọ́ńpáílà C tí o ń lò, náà yóò sì gba tirẹ̀. 256 tó tẹ̀ lé e, ti stack ni. Láti 0200 lọ, 512 péré ló ṣẹ́kù fún ọ. Printf cc65 nìkan ju gbogbo RAM náà lọ. Ká tiẹ̀ ní ó wọlé, òǹkà mẹ́fà ló wà lójú bọ́ọ̀dù: mẹ́rin fún àdírẹ́sì, méjì fún ohun tó wà níbẹ̀. Ibo lo fẹ́ ka "Hello, World" sí?

Wo "int i" tí o fi ń kà dé mẹ́wàá. Báìtì méjì ni int, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni 6502 lè gbé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣe iṣẹ́ kan. Lo unsigned char. Fi static síwájú rẹ̀ pẹ̀lú, torí cc65 a máa to àwọn variable tó wà nínú function sórí stack mìíràn tó fúnra rẹ̀ ṣe, àtidé ibẹ̀ sì ń jẹ kóòdù. Tí o bá lo -Cl, yóò bá ọ sọ gbogbo wọn di static. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí function kankan máa pe ara rẹ̀ nígbà náà.

Ọwọ́ ni o máa fi tẹ ètò náà wọlé lórí bọ́tìnnì bọ́ọ̀dù náà: AD, 0200, DA, báìtì kan, +, báìtì mìíràn, +, títí yóò fi tán. Lẹ́yìn náà, AD, 0200, GO. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó di àtúntẹ̀, àfi tí o bá ti gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí lẹ́ẹ̀mejì kò ní fi báìtì ṣòfò mọ́.

Lo -m nígbà tí o bá ń fi ld65 so ó pọ̀, kí o fi fáìlì map náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó tẹ ohunkóhun. Bá mi kí màmá rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.