Ta Ni Aláboyún Ń Pè Lóru?

Nílẹ̀ Yorùbá, èèyàn kì í rí aláboyún kó má wúre fún un: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Láti ìgbà tí oyún wa ti yọ ni gbogbo Ṣáṣá ti ń wúre ọ̀hún fún wa, látorí ìyá ẹlẹ́kọ títí dórí oníkẹ̀kẹ́. Àmín là ń ṣe o. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí àdúrà náà dáadáa. Tí ìbímọ ò bá léwu, kò sẹ́ni tó máa tọrọ ohùn méjì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà. Tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá lágbàáyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tó jẹ́ tiwa. Oyún wa ti wọ oṣù kẹjọ. A ò lè ka nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń ka ìròyìn lásán.

A ti forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìgàndò, a sì tún máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àdúgbò. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé!" Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́. Láti Ṣáṣá, ẹ máa gba Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù àti Ìkòtún kẹ́ ẹ tó dé Ìgàndò. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín lọ́nà, ó parí. Ilé ìyá agbẹ̀bí, a lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, kì í sì í bú èèyàn.

Èébú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní kílíníìkì kan tá a kọ́kọ́ lọ, nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ aláboyún tó wà níwájú wa: "Ṣé o ò tíì lọ mu àgbo ìdọ̀tí yín?" Ó ní rárá. Nígbà tá a jáde, ó sọ fún wa pé àràárọ̀ lòun ń mu ún. Àwa tá à ń kọ sọ́fúwíà mọ èyí: tí ìbéèrè bá burú, irọ́ ni kọ̀ǹpútà máa tọ́jú. "Rárá" ni wọ́n kọ sínú káàdì ẹ̀. Orí irọ́ yẹn ni ìtọ́jú ẹ̀ máa dúró lé.

Èdè wa gan-an rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń bímọ: ìkúnlẹ̀ abiyamọ là ń pè é, a ò pè é ní ìdùbúlẹ̀. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé kí obìnrin yan bó ṣe fẹ́ wà tó bá ń bímọ, kí ẹni tó wù ú sì dúró tì í.

Síbẹ̀, ìyá agbẹ̀bí ò lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, kò sì lè ṣiṣẹ́ abẹ. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi irú òótọ́ yìí ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní 2009, níbi tí wọ́n ti fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Nígbà tó di 2014, wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè dé. Wọn ò kàn lé àwọn agbẹ̀bí dànù. Wọ́n ń fún wọn lówó lórí aláboyún tí wọ́n bá mú wá sí ọsibítù, wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ míì.

Àwa náà ti ṣe tiwa. Bébà kan ni, kì í ṣe app. Nọ́ńbà oníkẹ̀kẹ́ tó gbà láti jí lóru wà níbẹ̀, ti èèyàn méjì tó lè fún wa lẹ́jẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí ló wà lókè pátápátá. Ó ti gbà pé tí ọjọ́ bá pé, òun máa bá wa lọ sí ọsibítù, òun á máa kì í lóríkì, òun á máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà, tí gìrì bá dé, tí orí bá ń fọ́ tí ojú sì ń ṣú, ó ní òun ò ní dúró gbé omi kaná.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tẹ́ ẹ fẹ́ kọ app fáwọn aláboyún, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn: tí ara ò bá yá ní aago méjì òru, ta ni ẹ ń pè? Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.