Ìlú Tí A Fi Sílẹ̀ Lórí Òkè Ìdànrè

Àwọn àgbà ní, àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ládánì ní mọ́sálásí ràtìbì kan ní Ayọ̀bọ̀ yìí, ìrìn àjò kì í sábà bọ́ sí i fún mi, nítorí ẹni tí ó ń pe ìrun Àsùbáà kò lè máa sùn káàkiri. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹwàá tí ó kọjá, mo fi ẹlòmíràn dípò ara mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé kámẹ́rà mi kọ́ ọrùn, mo sì wọ mọ́tò. Òkè àti ahoro ìlú ni mo ń lọ yà.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ó gbé mi dé ìdí ahoro. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ Ìdànrè ni, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Orí òkè ni a bí bàbá tirẹ̀ sí, ní ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé mo ń ya àwòrán, ó pè mí lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó ní, "Àáfà, ẹsẹ̀ mi kò gbé òkè mọ́. Bá mi wá ilé bàbá mi, kí o sì yà á wá fún mi. Ó máa ń sọ pé òkúta kan wà lẹ́yìn ilé àwọn tí ó tẹ̀ bí obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó ń gbálẹ̀." Mo ní, "Bàbá, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ ó rí i." Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà di gbèsè lọ́rùn mi.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A LỌ

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ìgbà tí ewé igi bá pọ́n tí ó ń wọ́ ni àwọn ayàwòrán máa ń wa mọ́tò lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tiwa ni ìgbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. Bí ẹ bá lọ ní àárín òjò, ara àpáta a máa yọ̀ bí ilá. Bí ẹ bá sì dúró di ìgbà ọyẹ́, eruku a bo ojú sánmọ̀, òkè tí ó wà ní ọ̀ọ́kán yóò dà bí èéfín lásán. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹwàá, koríko ṣì tutù, afẹ́fẹ́ mọ́, ojú sì ń ríran jìnnà.

LÁTI AYỌ̀BỌ̀ DÉ ABẸ́ OLÚMỌ

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni a gbéra. A gba Ìpàjà, a bọ́ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, a kọjá Sàngó-Ọ̀tà àti Ìfọ̀. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé kámẹ́rà lé itan bí ọmọ tuntun.

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Olúmọ rí. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé ibẹ̀, tí wọ́n sì fi abẹ́ àpáta ṣe ibi ìsádi. Ihò tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan jíjẹ lára òkúta nígbà ogun ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, mo sì yà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni ibi tí àwọn ènìyàn náà ti wá. Ogun ni ó tú wọn kúrò nínú àwọn ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Olúmọ, wọ́n fi orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ sọ àdúgbò wọn tuntun: Aké, Kẹ́mta, Ìkijà, Ìtokò, Ìgbẹ̀in. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rìn ní Abẹ́òkúta, orúkọ ahoro ni ẹ ń pè láìmọ̀.

Láti ibẹ̀ a forí lé Ìbàdàn. Ìbàdàn tí ẹ ń wò yìí náà ti jẹ́ ìletò àwọn Gbágùrá tí ogun sọ di ahoro, kí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ahoro tí ó tún kún ni. Ti Ọ̀yọ́-Ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Clapperton dé ọ̀dọ̀ Aláàfin níbẹ̀ ní ọdún 1826, àwọn arákùnrin Lander sì tún dé ibẹ̀ ní ọdún 1830. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ìlú ńlá náà fi tú, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi ilẹ̀ náà sínú ọgbà ẹranko ńlá. Mi ò dé ibẹ̀ ní ìrìn yìí, nítorí ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo gbà.

MO GUN ÒKÈ

A kọjá Ifẹ̀ àti Iléṣà, a sì sùn ní Àkúrẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a lọ sí Ìdànrè. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ti inú ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Èkó wa yìí lọ, ẹnu yóò yà á. Àwọn òkè náà yí ìlú ká bí agbo ìkòkò ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, dúdú, rìbìtì, kùrukùru sì ń fẹ́ lẹ́ lára wọn. Òmíràn nínú wọn ga tó ẹgbẹ̀ẹ́dógún (3,000) ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun.

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn gòkè. Ọmọkùnrin tí ó fi ọ̀nà hàn mí sọ pé àtẹ̀gùn náà jẹ́ 660, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé igba, èémí gba ìṣirò lọ́wọ́ mi. Ìyá arúgbó kan tí ó ru igi ìdáná kọjá lára wa, ó kí wa, kò tilẹ̀ mí gúle.

Nígbà tí a dé òkè, ìlú ni mo rí. Ààfin Ọ̀wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó tí a gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, wọ́n ní ọdún 1906 ni a kọ́ ọ. Wọ́n tún fi ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà hàn mí, èyí tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1896. Àwọn ojúbọ wà pẹ̀lú, nítorí àwọn ará Ìdànrè ṣì máa ń gòkè wá ṣe ọdún àwọn baba wọn. Kì í ṣe ẹ̀sìn tèmi, nítorí náà mo béèrè ibi tí mo lè yà àti ibi tí mi ò gbọdọ̀ yà, mo sì pa ìlànà onílé mọ́. Ní ọdún 2007 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ òkè yìí sínú ìwé àwọn ibi tí a dábàá pé kí ó di ogún gbogbo ayé.

Nígbà tí Ayílà tó, mo pe ìrun ní ohùn jẹ́jẹ́. Àpáta gbà á, ó sì dá a padà fún mi. Ìlú tí ó ti gbọ́ ariwo ọmọdé, ohùn àjèjì kan ni ó ń dáhùn lónìí.

MO WÁ ILÉ KAN

Àwa méjèèjì wá ilé bàbá Bàbá títí oòrùn fi yẹ̀. Ògiri amọ̀ ti wó, koríko ti bo ìpìlẹ̀, òkúta tí ó sì tẹ̀ bí obìnrin tí ń gbálẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́rin ni mo rí. Mo ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ilé kan tí ògiri rẹ̀ ti wó tán, mo rí òkúta ààrò mẹ́ta tí wọ́n ṣì dúró bí ẹni pé wọ́n ń retí ìkòkò. Mo ya ìyẹn náà.

Mo bi afinimọ̀nà mi léèrè pé ogun wo ni ó lé wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ogun. Ìbẹ̀rù ogun ni ó gbé àwọn baba wọn gòkè láyé àtijọ́, nítorí ọ̀tá kò lè fi bẹ́ẹ̀ gun àpáta. Nígbà tí ogun wá parí, oko kòkó ń dára nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ń bọ̀, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ wá sí Odòdé, Aládé àti Àtósìn. Ní Amẹ́ríkà, ìlú kan wà ní California tí à ń pè ní Bodie. Wúrà ni ó kó èrò lọ síbẹ̀, nígbà tí wúrà tán, èrò tú. Láti ọdún 1962 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń tọ́jú ahoro náà bí àwọn onílé ti fi í sílẹ̀. Ti Ìdànrè yàtọ̀ sí ti Bodie, ó sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́-Ilé, nítorí àlàáfíà ni ó sọ ọ́ di ahoro.

BÀBÁ WO ÀWÒRÁN

Nígbà tí mo padà dé, mo tẹ́ àwòrán síwájú Bàbá. Ó wo àwọn òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Àáfà, n kò mọ èyí tí ó jẹ́. Ojú bàbá mi ni ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú tèmi." Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan àwòrán ààrò, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì fi ìka tọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ni kí o tẹ̀ fún mi, kí ó tóbi. Ilé ẹni yòówù kí ó jẹ́, wọ́n dáná níbẹ̀, wọ́n sì fún ọmọ jẹ." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Ayọ̀bọ̀ tí o ń gbé ńkọ́? Ta ni ó ya ìyẹn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, àárín oko gbágùúdá ni a máa ń gbà kọjá, ẹyẹ a sì máa ké lórí ọ̀pẹ. Lónìí ilé ni gbogbo rẹ̀, títí dé ààlà wa pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú wa kò di ahoro, èrò ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ bákan náà ni ó rí fún ọmọ tí a bí lónìí, nítorí òun náà kò ní mọ bí ibẹ̀ ti rí rí. N kò ní àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ sí Ìdànrè. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ tètè gòkè kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí kànga wà, ibi tí ọjà wà, ẹni tí ó ni oko wo. Ẹ ya ibẹ̀ bí ó ti rí lónìí, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn àwòrán. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àtàrí odi mọ́sálásí wa àtijọ́ tí ó kù ni mo kọ́kọ́ yà.

Ó dìgbà kan ná.