Ìṣẹ́jú Mẹ́ta I.K. Dáíró

Àpótí pákó kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwo orin kéékèèké ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí ihò àárín rẹ̀ tóbi, tí àtàǹpàkò ọmọdé méjì lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi fi yíǹkì aláwọ̀ aró kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín gbogbo wọn, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa yá àwo lọ sí òde ìnáwó, wọn kì í sì í tètè rántí dá a padà. Èyí tí ìka ti pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ tán ni ti I.K. Dáíró. Òun ni wọ́n ń yá jù.

Kí bàbá mi tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo yẹn, á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun nù ún láti àárín lọ sí etí. Oòrùn ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nítorí náà ohùn inú rẹ̀ máa ń fì, á lọ, á bọ̀. Bí akọ́díọ̀nù bá ti dún, ìyá mi á dìde nídìí ààrò, á jó dé ẹnu ọ̀nà, á tún fi ẹ̀yìn jó padà. Kó tó dé ìdí ìkòkò rẹ̀, orin ti tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Mo ti gbọ́ orin tó gba odidi ojú àwo ńlá kan látìgbà náà, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó fi nǹkan pamọ́ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ti Dáíró.

Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun rẹ̀, Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló kan ìlù fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Owó kò tó nílé, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń ṣe onígbàjámọ̀, ìlù yẹn sì bá a débẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó lọ sí Ẹdẹ, ó ń kiri aṣọ.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà kò ní fi ọ̀rọ̀ aṣọ kíkiri yìí ṣeré. Òṣómàálò ni a ń pe àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà, nítorí bí wọ́n bá ta aṣọ láwìn, tí ọjọ́ owó pé, òṣó ni wọ́n á lò sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ṣùgbọ́n kí òṣó ìgbà owó tó dé, títà ni àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé aṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà ní ìgbà díẹ̀ péré láti fi mú ojú ìyá ilé kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò bá wọlé, kò sí ìkejì. Mo gbà pé ibẹ̀ ni Dáíró ti kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀, ṣáájú kí ilé-iṣẹ́ àwo kankan tó mọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tọ́jọ́. Ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn-àjò, òun náà bá ẹgbẹ́ olórin lọ sóde eré, ọ̀gá dé, iṣẹ́ bọ́. Ó fi iṣẹ́ agbára ṣe owó ọkọ̀, ó di Ìbàdàn, ó bá Ojoge Daniel, ọ̀kan nínú àgbà olórin jùjú ìgbà náà, ṣeré lóru.

Ní àárín àwọn ọdún 1950 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Morning Star Orchestra, ẹni mẹ́wàá. Òmìnira dé ní 1960, gbogbo ilẹ̀ ń jó. Dáíró gba ipò kìíní nínú ìdíje tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ẹgbẹ́ sì di Blue Spots. Nígbà tó fi di 1963, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá. Onígbàjámọ̀ àná, ẹ gbọ́.

Akọ́díọ̀nù rẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa. Kì í ṣe èyí tó ní eyín funfun àti dúdú bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́tìnnì mẹ́wàá ló ní. Bí o bá tẹ ọ̀kan tí o fà á yà, ohùn kan á jáde. Bí o bá tẹ ọ̀kan náà tí o tì í padà, ohùn mìíràn ni. Gbogbo ohùn inú rẹ̀ kò pọ̀, olórin mìíràn á sì ní kò tó òun lò. Ó tó Dáíró lò, nítorí ọ̀pọ̀ orin tí a bá nílé kì í kọjá ohùn márùn-ún. Ohun èlò òkèèrè ni, ṣùgbọ́n tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n ti rọ ọ́.

Ohun tó wà nídìí èyí ni ohùn èdè. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ wa sínú orin tí wọn kò kọ nítorí tiwa, orin náà sì ń gun ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú: ọkọ á di ọkọ́, igbá á di igba, àwọn ìjọ á sì máa kọ ọ́ lọ tọkàntọkàn. Ọmọ Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni Dáíró, orin ìjọ kún ẹnu rẹ̀, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta. Nínú orin tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú, orin ń tẹ̀lé e, ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ sì ń yọjú láìtijú. Ẹ gbọ́ “Salome” lẹ́ẹ̀kan sí i. Akọ́díọ̀nù á ṣílẹ̀kùn, ohùn á wọlé, nígbà tó bá dé àárín, orin á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìlù, gángan á máa sọ̀rọ̀, àwọn elégbè á máa gbà á, kí orin tó padà wá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Gángan ti wọ jùjú kí Dáíró tó dé. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ̀ǹda àyè fún un láti sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo èyí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹsẹ̀ oníjó kò sì dúró.

Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Ní 1967, Sunny Adé náà dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Green Spots, ẹ sì lè rí ẹni tí orúkọ náà ń júbà. Àwo ńlá dé, òde ìnáwó gbòòrò, orin gùn, kí olówó lè ráyè ná owó mọ́ olórin lórí. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí orin ṣe ń gùn ni orúkọ Dáíró ń rẹlẹ̀, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jó jùjú lónìí kò mọ ilé tí wọ́n ń gbé. Òun kò jókòó sunkún. Ó ṣe òwò, ó sin Ọlọ́run rẹ̀, ó padà sídìí orin, ní àárín àwọn ọdún 1990 ó sì wà ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ó ń kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ní jùjú. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1996. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, Paul Play, tún “Mo Ṣoríire” kọ, tí àwọn ọ̀dọ́ sì jó o káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé orin bàbá ni.

Àpótí bàbá mi kò sí mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, àwa ọmọ kó àwo jáde, a ń yí wọn kiri àgbàlá bíi táyà, wọ́n ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà níbẹ̀, mo sì yí tèmi. Bàbá mi wò wá láti ojú fèrèsé, kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà, tàbí tí ilé wọn ṣì wà ní títì, mo bẹ̀ yín, ẹ wo abẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá bá àwo kékeré oníhò ńlá níbẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má fi í fún ọmọdé ṣeré. Ẹ wá ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì kọ orúkọ olórin àti orúkọ ẹni tó ni àwo sí i. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan.