Kí Lo Fẹ́ Fi Kó?

Ìyá mi ń ta abọ́ oníke àti ìkòkò ní Roxy, ní Adjamé. Láti kékeré ni mo ti ń bá a jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àǹtí kan wà tó ń ta oògùn. Ẹni tó bá mọ Abidjan mọ irú oògùn tí mò ń wí: hóró pupa, hóró funfun, hóró aláwọ̀ ewé, nínú páálí tí oòrùn ti pa títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Oníbàárà á dé, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àǹtí kò ní bi í pé láti ìgbà wo. Á na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn jù, tàbí èyí tó kù nílẹ̀ jù, á ní, "Lo méjì láàárọ̀, lo méjì lálẹ́." Oníbàárà á sanwó, á tún dúpẹ́.

N kò sọ èyí láti fi bú wọn. Èèyàn rere ni wọ́n. Nígbà tí ibà dá mi wó ní kékeré, àwọn ni wọ́n bá ìyá mi gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Hóró kan ṣoṣo wọn ò fún mi nínú ọjà wọn.

Ní ọdún 2017, ìjọba rán ọlọ́pàá wá wó ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Roxy. Ní ọdún kan náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀, bí a bá kó oògùn mẹ́wàá jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú tàbí kó má pé bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí àwọn kan tún fi rọra ń padà sí ẹ̀bá títì. Ẹ̀yìn ṣì ń dun àwọn èèyàn, ilé oògùn sì wọ́n.

Mo fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣíwájú nítorí pé nígbà tí èmi náà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni mo ṣe lọ sọ́jà.

Kọ̀ǹpútà géèmù ni mo fẹ́ tò fúnra mi. Mo ti ń san owó wákàtí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù láti ìgbà tí mo wà ní collège, mo sì ti lọ wo àwọn tó ń díje ní FEJA, àjọ̀dún géèmù tí wọ́n ń ṣe ní Abidjan láti ọdún 2017. Tekken ni tèmi. Nígbà tí Tekken 8 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, mo pinnu pé èésú tí mo bá gbà tẹ̀lé e, òun ni máa fi ra ẹ̀rọ. Nígbà tó kàn mí, 300,000 séfà ni mo kó.

Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Kì í ṣe torí owó. Ní Abidjan, brouteur ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n ń pè ní Yahoo ní Nàìjíríà. Anango ni wọ́n sì ń pe gbogbo àwa Yorùbá, yálà Ẹ̀jìgbò lo ti wá o, yálà Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ Anango tó ra kọ̀ǹpútà ńlá, tó ń tilẹ̀kùn mọ́rí lóru, tí iná aláwọ̀ mèremère ń ṣẹ́ jáde lójú fèrèsé rẹ̀, kí ni aládùúgbò máa rò? Bàbá mi ní, "Orúkọ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ nílẹ̀ onílẹ̀, o ò ní fi géèmù bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa àwọn aládùúgbò.

Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Àdéhùn kan ni wọ́n bá mi ṣe: pálọ̀ ni ẹ̀rọ náà máa wà, kì í ṣe yàrá.

Ẹrù àlòkù tó ń bọ̀ láti òkè òkun, France au revoir ni wọ́n ń pè é níbí. Tokunbọ̀ ni ti Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn bí orúkọ méjèèjì ṣe rí: ọ̀kan ń kí ẹrù náà káàbọ̀, èkejì ń bá a dágbére fún ibi tó ti wá. Ohun kan náà ni ṣá, ọjà kan náà, ewu kan náà.

Kí n tó lọ, mo béèrè ìmọ̀ràn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Èèyàn mẹ́fà ni mo bi, kálukú sì júwe ohun tó wà lọ́wọ́ òun fún mi. Ẹni tó ní AMD ní AMD ni. Ẹni tó ní laptop ní kí ni mo fẹ́ fi èyí tí kò ṣeé gbé rìn ṣe. Ọmọ àbúrò ìyá mi tó wà ní London ní kí n má ra ohunkóhun tó bá kéré sí RTX 4060, àwọ̀ tuntun. Ẹ̀yà kan ṣoṣo nìyẹn, tí òun nìkan á jẹ ju ìdajì èésú mi lọ. Wọn ò purọ́ fún mi. Ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo jókòó síwájú wọn.

Ẹni keje ni ẹni tó tà á fún mi, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adjamé. Mo ní mo fẹ́ ẹ̀rọ tó lè gbé Tekken. Kò bi mí pé Tekken wo. Kò bi mí pé kí ni mo ní nílé. Ó na ọwọ́ sókè, ó mú graphics card kan wá, èyí tí a ń pè ní carte graphique níbí, ó ní GTX 1050 Ti ni, òun nìkan ló kù. Ó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, orúkọ náà jáde lójú ẹ̀rọ: GTX 1050 Ti. Mo ka 65,000 séfà sí i lọ́wọ́. Mo tún dúpẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló yá mi ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti dán an wò. Géèmù náà ń rìn bí ẹni tó ru òkúta. Ọ̀rẹ́ mi wá gbé GPU-Z sórí ẹ̀rọ. Ètò kékeré ni, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wo ara káàdì dípò orúkọ tí káàdì ń pe ara rẹ̀. Láti ọdún 2018 ló ti ń kọ FAKE síwájú orúkọ àwọn ayédèrú. Ó kọ ọ́ sí tèmi gbàgàdà.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i rọrùn láti yé èèyàn. GTS 450 ni, káàdì tó jáde ní ọdún 2010. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú, wọ́n kọ òmíràn sí i. 1050 Ti gidi kò dé ọjà títí di ọdún 2016. Windows kì í ṣèwádìí. Orúkọ tí àlejò bá dá fún un náà ló máa pè é. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé kò yẹ kí n nílò GPU-Z rárá. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ti àtijọ́ yẹn, wà lẹ́yìn káàdì náà. Ìdílé káàdì Nvidia tí 1050 Ti wà nínú rẹ̀ kò ní agbára àtigbé àwòrán gba ihò VGA jáde mọ́. Bí o bá rí ihò náà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ní 1050 Ti ni, gbé e sílẹ̀, máa lọ. Mo wo ihò yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù, inú mi tún dùn pé ó máa bá skíríìnì àtijọ́ mu.

Mo padà lọ. Ọkùnrin náà kò jà. Ó ní, "Mon petit, ṣebí ojú ẹ ló fi rí orúkọ ẹ̀?" Ojú mi ni lóòótọ́.

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, n kò lè sọ ọ́ nílé. Ẹni tí mo sọ ọ́ fún nígbẹ̀yìn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bọ̀ọ̀dá mi tó ń ta àfọ́kù mọ́tò. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Fóònù wọn gan-an, èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn bi mí ni pé, "Mọ́tò tó o fẹ́ rà yìí, kí lo fẹ́ fi kó?"

Mo ní kì í ṣe mọ́tò. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ fi kó iṣu láti Bouaké, ẹni tó fẹ́ gbé èrò nínú ìgboro, àti ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó lọ sí Ẹ̀jìgbò ní Kérésì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dé ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Agbára wo? Bí o bá fi ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ tí gíá rẹ̀ kéré, gíá ló máa kọ́kọ́ fọ́. Wọ́n tún fi ọ̀kan kún un: "Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, má bi í pé èwo ló dáa. Bi í pé èwo lòun fúnra ẹ̀ ń lò nílé."

Mo rántí àǹtí olóògùn àti ilé ìwòsàn.

Nítorí náà mo mú bébà, mo kọ ẹrù tí mo fẹ́ kó. Tekken 8, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Géèmù náà kì í sáré ju àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó. Ó ń jẹ àyè bí 100 GB. Wọ́n kọ ọ́ pé GTX 1050 Ti ni káàdì tó kéré jù tó lè gbé e, pẹ̀lú i5-6600K àti RAM 8 GB. Ó tán. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi nípa RTX já bọ́ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹrù bá ti hàn, ọkọ̀ náà á hàn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí àwọn iléeṣẹ́ ní Yúróòpù ti lò tán pọ̀ ní Adjamé. Dell OptiPlex 7040, ti i5-6500, wà níbẹ̀. Kò tó 6600K, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Ibi tí èèyàn ti lè ṣubú ni pé ìwọ̀n mẹ́ta ni 7040 ní. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́wà lórí tábìlì, àmọ́ káàdì kúkurú nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Èyí tó ga ni kí o mú. Power supply rẹ̀ jẹ́ 240 watt, kò sì ní wáyà tí káàdì ńlá á fi gba iná. Ohun tí o máa wá ni káàdì tí iná tó ń gbà láti ojú ihò rẹ̀ á tó o, èyí tí kò ju 75 watt lọ. GTX 1650 aláìníwáyà nìyẹn, ó sì lágbára ju 1050 Ti tí mo rò pé mo rà.

Ní ti power supply, ọ̀rẹ́ mi tó yá mi ní kọ̀ǹpútà ti ra ọ̀kan tó wá láti Amẹ́ríkà. Bọ́tìnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, 115 ló wà. Iná Abidjan jẹ́ 220. Ó dún gbòlà, gbogbo àgbàlá gbọ́. Ẹ máa wo ẹ̀yìn ẹrù.

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì tí mo wọ̀, mo bi ọ̀gá ibẹ̀ pé kí ni wọ́n ń lò nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní OptiPlex ni, ọmọ àwọn ń fi ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣí i níwájú mi, wọ́n tàn án, wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. 95,000. Káàdì kò sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kò sí" yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán wọn.

Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ̀gbọ́n mi kan ti bá mi rí GTX 1650. Àwọn kan rò pé láti ìgbà tí náírà ti já ní 2023, gbogbo nǹkan ní Èkó ti di ọ̀pọ̀ fún ẹni tó ní séfà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù òkè òkun ń bá dọ́là rìn. Àǹfààní tí mo rí ni ojú tó bá mi wò ó: ẹ̀gbọ́n mi gbé GPU-Z lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n wé káàdì náà sínú ìró, wọ́n kì í sí àárín gàrí, ó bá bọ́ọ̀sì gba Cotonou, Lomé àti Accra, ó wọlé láti Noé. 80,000, pẹ̀lú owó ọkọ̀. SSD, skíríìnì àlòkù àti RAM 8 GB míì ló jẹ ìyókù. Èésú tán pátápátá.

Pálọ̀ ló wà, ilẹ̀kùn ń ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wọlé wá lu ara wọn lórí skíríìnì, àwọn òbí wọn sì ń rí wọn láti ìta. Bàbá mi jókòó sẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wo ìjà mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá ní, "Gbogbo ariwo tá a pa, èyí náà ni?" Wọ́n ní kí n bá àwọn lo ẹni tó wọ pupa.

Káàdì ayédèrú náà ṣì wà ní Roxy, nínú àpótí tí ìyá mi ń kó ṣéńjì sí. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé n kò ní tà á ni. Mo ní kò ṣeé tà, Màmá, kò dáa. Wọ́n wo àǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wo títì lápá òkè, wọ́n wo títì lápá ìsàlẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ohun tí kò dáa kò ṣeé tà níbí?"

Mo ní wọ́n gbà 65,000 lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Ọmọkùnrin kan tún ti wá béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá mo ní káàdì kankan nílẹ̀. Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì ju nǹkan náà nù.