Múfú, ọ̀rọ̀ eruku ṣọ́ọ̀bù rẹ rèé

Houston, Texas

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

Fọ́tò ṣọ́ọ̀bù tuntun tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú oríire! Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn onírin, olè kankan ò lè gbé ẹ̀rọ rẹ mọ́. Àmọ́ fèrèsé ni mo kọ́kọ́ ń wá nínú fọ́tò náà, méjì péré ni mo sì rí. Abẹ́ páànù tí a ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá ò ní ògiri kankan, atẹ́gùn ló ń bá wa kó eruku lọ. Ní báyìí tí o ti mọ ògiri yí ara rẹ ká, ibo ni eruku fẹ́ gbà jáde?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n dá ẹ lóhùn lórí àpótí tí o rí lẹ́yìn mi nígbà tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, tí o ní ṣé mo ti di oní-fáànù ni. Eruku ló wà fún.

Èyí tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá ò le: ó wúwo, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Èyí tó le ni lẹ́búlẹ́bú tí sáńpépà ń yọ, tí ojú ò rí àfi tí oòrùn bá yọ sí i láti ojú fèrèsé. O lè ti pa ẹ̀rọ, kó ṣì máa léfòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Irun imú ò lè dá a dúró, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá lọ tààrà. O rántí bí a ṣe máa ń sín tí a bá ń la ọfun, èyí tí àwọn onípákó ń pè ní Mansonia, tí imú àwọn kan á máa ṣẹ̀jẹ̀? Eruku ìrókò náà ń fa ikọ́ àti ara yíyún. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti inú imú. Mílíìkì tí ọ̀gá ń rà fún wa pé kó fọ àyà wa? Ikùn ló gbà lọ, kò débi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. A ṣáà gbádùn ẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n àpótí yẹn o. Lọ́dún 2020, nígbà Kòrónà, Richard Corsi tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ló dá a lábàá, Jim Rosenthal tó ń darí ilé iṣẹ́ fíltà kan nígbà náà ní Fort Worth, ní Texas níbí, ló sì kàn án jọ. Fíltà mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ amúlétutù, 20 ínṣì ní ìbú àti ní òòró, 2 ínṣì ní nínípọn, ló dúró bí ògiri. Páálí tàbí pákó wà nísàlẹ̀, fáànù sì wà lókè, ó kọjú sí sílíìnì. Bí fáànù bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́ inú àpótí jáde, ni ti ṣọ́ọ̀bù á máa gba inú fíltà wọlé, eruku á sì há sójú ọ̀nà. Ọfà wà lára fíltà kọ̀ọ̀kan, inú àpótí ni kó kọjú sí. MERV 13 ni tèmi (MERV ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí fíltà ṣe ń mú eruku sí): nínú eruku tó wà láàrin máíkírọ̀n 1 sí 3, ó kéré tán, ó ń mú 85 nínú 100. Fi téèpù dí gbogbo àlàfo. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fáànù náà, fi páálí bò ó, kó ku ibi róbótó tí abẹ ẹ̀ ń yí nìkan, torí afẹ́fẹ́ olójúkòkòrò máa ń gba ibẹ̀ wọlé láìkọjá lára fíltà.

Gáréèjì mi, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 20 fíìtì ní gígùn, 20 ní fífẹ̀, 8 ní gíga: 3,200 kúbíìkì fíìtì. Tí fáànù bá ń fa 500 kúbíìkì fíìtì kọjá ní ìṣẹ́jú kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gba inú fíltà ní ìgbà mẹ́sàn-án ààbọ̀ láàrin wákàtí kan. Mo máa ń fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí mo bá ti wọlé lọ jẹun.

Ní tìrẹ, má ní kí n fi fáànù ránṣẹ́. 120 fóòtì ni tibí, iná yín á jó o lójú ẹsẹ̀. Ra fáànù olóbìírípo lọ́dọ̀ yín, gé páìwúùdù ní 20 ínṣì, lu ihò róbótó sí i, kí o dè é mọ́ ọn. Ìwọ kì í ṣe ẹni tó ń fi téèpù so páálí! Kò lè jẹ ju bí 100 wáàtì lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ á gbé e. Fíltà ni mo máa kì sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, wọ́n á wọ ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Fi fíltà olówó pọ́ọ́kú bo ojú wọn níta, òun ni kí o máa gbọ̀n, síta gbangba o, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí o fojú kéré. Nígbà tí o bá ń fọ́n fáníìṣì, pa àpótí náà. Òórùn tínà ò há sí fíltà, kíá ló ń kọjá, mọ́tò fáànù sì lè ta iná sí i. Ìta ni kí o ti máa fọ́n ọn. Bákan náà, má torí àpótí bọ́ ìbòmú, torí kí eruku tó dé ibi tí àpótí wà, imú rẹ ló ti kọ́kọ́ gbà á, ìwọ lo dúró ti pákó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ á fẹ́ ṣe agídí, o mọ bí àwa náà ti rí.

Wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga ṣọ́ọ̀bù náà fún mi kí oṣù tó parí, kí n mọ̀ bóyá àpótí kan tó tàbí méjì. Sì sọ fún mi iye tí wọ́n ń ta páìwúùdù ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn báyìí, kí n lè ráhùn pẹ̀lú ẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Délé