Àlejò Lórí Ọkọ̀ Onígbòkun

Báàgì onítáyà mẹ́ta ni àwọn àlejò wa wọ́ dé èbúté Badore, lẹ́yìn Ajah. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé inú ọkọ̀ wa kò tó nǹkan, ẹsẹ̀ bàtà 28 péré ni gígùn rẹ̀, kí wọ́n kó aṣọ sínú àpò tó ṣeé ká. Ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn kì í wá kí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ òfo. Iṣu mẹ́fà, ẹ̀lúbọ́, gààrí, epo pupa gálọ́ọ̀nù kan. A kó iṣu mẹ́rin fún ìyá tó ń ta ẹja létí omi. Ó ní a ò ní lọ bẹ́ẹ̀ láéláé, ó sì di ẹja gbígbẹ lé wa lọ́wọ́. Àwọn báàgì náà sùn sínú mọ́tò.

*

Àwọn mẹ́rin ló wá: ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, àti ìyá ìyàwó, tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

*

Ta ni yóò pàṣẹ fún ìyá arúgbó? A pín jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà ẹ̀mí kárí, Ìyá Àgbà sì gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó bí i yín." Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá a lóhùn. Ọmọ-ọmọ wọn ló kúnlẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀ ọ́, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wú bíi búrẹ́dì." Wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lé bùbá àti ìró. Wọn ò bọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́rin àfi bí wọ́n bá fẹ́ sùn.

*

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àlejò kì í fọwọ́ kan abọ́ tí a jẹ tán. Lórí ọkọ̀, kò tíì pé wákàtí kan tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi ti ń fa okùn ìgbòkun, tí ìyàwó rẹ̀ sì di ìtọ́kọ̀ mú. Ojú tì mí lọ́jọ́ kìíní. Mo ń sáré gba okùn lọ́wọ́ wọn, mo ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sinmi. Ẹni tó jókòó náà ni èébì ń gbé. Ẹni tó di okùn mú ń wo ojú ìgbòkun, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ dá. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pín iṣẹ́. Kódà, Ìyá Àgbà gba ẹja yíyan lọ́wọ́ mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà á.

*

Omi inú táǹkì wa jẹ́ lítà 120. A jẹ́ ẹni mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́rin la ó sì lò. Ìyẹn ni pé lítà márùn-ún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ìwẹ̀, abọ́ àti ìdáná. A ra píọ̀ wọ́tà lọ́tọ̀ fún mímu.

Ìyá Àgbà ti ìka bọ ọ̀sà, wọ́n tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ ti ń wọlé." Òótọ́ ni. Nígbà òjò, omi odò máa ń ti òkun padà, ọ̀sà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á tún gba ipò rẹ̀. Lápá Ẹ̀pẹ́ níbi tí wọ́n ti dàgbà, ọ̀sà Lẹ́kí kì í níyọ̀ lára. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń ka omi ní lítà lọ́dọ̀ wọn.

*

Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, ìdí ọkọ̀ ni. Àwọn tó kù á kọjú síwájú, wọ́n á máa kọrin kíkan kí ẹni tó ń wẹ̀ lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn. Orin ìyìn ni ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, gbogbo wa mọ iye ẹsẹ orin tí ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gbà.

*

Òwúrọ̀ kì í ní atẹ́gùn lójú ọ̀sà. A máa ń jókòó, a ó mu ògì, a ó máa wo ìhà kejì tí ọyẹ́ ti gbé mì pátápátá. Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán ni atẹ́gùn òkun á fò lórí òrùlé Ajah wá bá wa. Ìgbà yẹn náà ni ọkọ̀ àwọn oníyanrìn máa ń kọjá, tí ìgbòkun wọn jẹ́ tapólì àti àpò tí wọ́n rán pọ̀, tí omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọkọ̀ nítorí ẹrù. Ìgbòkun tiwa funfun, owó ńlá la fi rà á. Mo wo tiwọn, mo sì rí i pé àwọn ni ọ̀gá wa. Wọn ò ní ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó; wọ́n ń fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n.

*

Lálẹ́, iná ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn ń tàn lódìkejì. Láti ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ náà ti wà létí ọ̀sà, tó ń fa omi rẹ̀ láti fi tu ẹ̀rọ lára. Agbára tí wọ́n kọ́ ọ fún jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Wáyà rẹ̀ gba orí omi kọjá wá sí Ajah, ọkọ mi kì í sì í gba abẹ́ rẹ̀ láìkọ́kọ́ wo orí òpó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gílóòbù kékeré kan ṣoṣo là ń tàn nítorí bátìrì. Ọmọ náà bi mí ìdí tí iná tó pọ̀ tó báyẹn kò fi tó Ìbàdàn. Mi ò rí èsì fún un.

*

Òru kẹta ni koríko olódòdó àlùkò yí wa ká. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ojú òró, ṣùgbọ́n ojú òró ti wà kí èyí tó dé. Ọdún 1984 ni wọ́n rí èyí lápá Badagry, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Iyọ̀ ló ń pa á, èyí tó kù lára rẹ̀ ló sì so mọ́ okùn ìdákọ̀ró wa, tó ń fa ọkọ̀ lọ. Apẹja Ìlàjẹ méjì ló fi àdá bá wa gé e títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n kọ owó. Gààrí Ìbàdàn ni wọ́n gbà, tẹ̀ríntẹ̀rín.

*

Ìyá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní ìyá tiwọn máa ń ná ọjà Èjìnrìn. Òru ni ọkọ̀ máa ń ṣí ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọdé á sùn sórí ẹrù lábẹ́ ìgbòkun, ariwo ọjà ni yóò jí wọn. Wọ́n ní ọ̀sà yìí kan náà ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, gbà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851 tòun tàwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí títì dé, ọkọ̀ wọ́n lójú omi.

Wọ́n wo ìrọ̀rí wa, wọ́n wo àwo ẹja. "Ẹ̀yin ń pè é ní ìgbafẹ́. Ọ̀nà ọjà ni tiwa."

*

Òwúrọ̀ tí wọ́n ń lọ, mo yẹ táǹkì wò: omi tó kù kò ju lítà mẹ́wàá lọ. Mo ti ṣọ́ omi yẹn fún ọjọ́ mẹ́rin bí ẹni ń ṣọ́ owó orí. Ìyá Àgbà jókòó sórí pákó èbúté, wọ́n ká jákẹ́ẹ̀tì bí ẹni ká aṣọ òkè, iyọ̀ sì ti gbẹ funfun sẹ́sẹ̀ wọn. Mo pọn gbogbo omi náà sínú bokẹ́ẹ̀tì, mo sì fọ ẹsẹ̀ wọn.